R jẹ́ 8.31 àbí 0.0821? Ìdáhùn fún olùkọ́ kẹ́místrì kan ní Ìpẹ́rù-Rẹ́mọ

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìpẹ́rù-Rẹ́mọ ni mo ti ń kọ́ kẹ́místrì. Ìwé kan ní R, iye àìyípadà gáàsì, jẹ́ 8.31, òmíràn ní 0.0821, fóònù àwọn ọmọ sì ń gbé 8.314462618 jáde. Nọ́ńbà Avogadro, iye ẹyọ tó wà nínú mólù kan, tí a mọ̀ sí 6.02 × 10²³ ti wá gùn kọjá ojú pátákó. Faraday (F), iye iná tó wà lára mólù ẹ̀léktróònù kan, jẹ́ 96,500 nínú ìwé kan, 96,485 nínú èkejì. Àwọn ọmọ ní bí nǹkan wọ̀nyí kì í bá yí padà lóòótọ́, kí ló dé tí iye wọn ń yí? Èyí tó tún wá dùn mí ni pé a fi magnesium àti ásíìdì wá R fúnra wa ní láàbù, a gba gáàsì náà sórí omi, 8.7 ni a rí. Níbo la ti ṣì í? g náà, bí ayé ṣe ń fa nǹkan sílẹ̀, ńkọ́, 9.8 ni àbí 10?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá, olùkọ́ wa. N ó mú 8.7 ṣáájú, nítorí òun nìkan ló lè yí bí ẹ ṣe ń ṣiṣẹ́ ní láàbù padà. Ọ̀rọ̀ òṣùwọ̀n àti ọ̀rọ̀ gígé nọ́ńbà kúrú ló pọ̀ jù nínú ìyókù.

Àṣìṣe tó bí 8.7 kò fara sin. Ẹni tó bá gba háídírójìn sórí omi, kì í ṣe háídírójìn nìkan ló kó sínú ọ̀pá gíláàsì rẹ̀. Omi tó ti di gáàsì wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ẹ jẹ́ ká pè é ní èéfín omi, òun náà sì ń fi agbára tirẹ̀ ti ògiri ọ̀pá. Nígbà tí láàbù bá móoru dé 30 °C, bó ṣe máa ń rí ní Rẹ́mọ lọ́sàn-án, ìfúnpá èéfín omi nìkan jẹ́ 4.24 kPa. Nínú ìwé tí wọ́n kọ fún ibi tó tutù, ó lè má tó ìdajì èyí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi máa ń gbójú fò ó.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀: R ni ìfúnpá ìlọ́po àyè gáàsì, tí a pín fún iye mólù ìlọ́po ìgbóná ní kelvin. Ká ní magnesium 0.040 g lẹ lò. Ẹ pín in fún 24.305, ẹ ó rí 0.001646 mol, iye mólù háídírójìn tó máa jáde náà nìyẹn. Ká ní ìfúnpá afẹ́fẹ́ lọ́jọ́ náà jẹ́ 101.0 kPa, ìgbóná jẹ́ 303.15 K, gáàsì tó kó jọ sì jẹ́ 42.9 cm³. Bí ẹ bá fi 101.0 ṣe é láìyọ nǹkan kan kúrò, R yóò jẹ́ 8.68, ẹ̀yin sì pè é ní 8.7. Bí ẹ bá yọ 4.24 kúrò, 96.76 kPa ló kù, R á sì bọ́ sí 8.32. Ọmọ tó bá gbàgbé láti sọ ìgbóná di kelvin, tó fi 30 pín in, máa rí bí 84. Bí ẹ bá rí 84 nínú ìwé ọmọ kan, ẹ má wulẹ̀ wá ibòmíràn.

Ìfúnpá èéfín omi tí ẹ máa nílò kò pọ̀: 3.17 kPa ní 25 °C, 3.78 ní 28 °C, 4.24 ní 30 °C, 4.76 ní 32 °C. Ẹ kọ wọ́n sára ògiri láàbù.

Ibi mẹ́rin mìíràn wà tí iṣẹ́ yìí ti máa ń bàjẹ́. Àkọ́kọ́ ni ìwọ̀n magnesium. Bí òṣùwọ̀n yín bá ń ka 0.01 g nìkan, wíwọn 0.04 g lórí rẹ̀ dà bí kí a máa méfò, nítorí 0.01 jẹ́ ìdá mẹ́rin 0.04. Ẹ wọn odindi mítà kan, kí ẹ wá fi rúlà gé e. Bí mítà kan bá wọ̀n 1.00 g, 4 cm ni 0.040 g. Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n, ẹ fi sánpépà ha ara rẹ̀ títí yóò fi máa dán, torí eérú funfun tó bò ó kì í ṣe magnesium mọ́, kò sì ní tú háídírójìn kankan jáde. Èkejì ni ìgbóná: magnesium àti ásíìdì máa ń mú ara wọn gbóná, gáàsì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde á sì fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó kà á. Ẹ̀kẹta, ẹ gbé ọ̀pá náà sókè-sódò títí ojú omi inú rẹ̀ àti ti ìta yóò fi bára dọ́gba. Bí ti inú bá fi 10 cm ga ju ti ìta lọ, ìfúnpá gáàsì náà ti dín ní nǹkan bí 1 kPa nìyẹn, iṣẹ́ yín sì ti fi bí 1% yẹ̀. Ní ti ásíìdì, 10 cm³ HCl tó jẹ́ 2 mol/dm³ ti ju ohun tí magnesium náà nílò lọ, ẹ má ṣe bẹ̀rù pé kò ní tó.

Ẹ̀kẹrin ni ìfúnpá afẹ́fẹ́ fúnra rẹ̀, àwọn tó mọṣẹ́ gan-an sì máa ń kọsẹ̀ níbẹ̀. Iye tí ẹ ń rí nínú ìròyìn ojú ọjọ́ lórí fóònù kì í ṣe ti ilẹ̀ tí ẹ dúró lé. Wọ́n ti tún un ṣe bí ẹni pé etí òkun lẹ wà. Fún gbogbo 100 mítà tí ilẹ̀ bá fi ga ju òkun lọ, ẹ yọ nǹkan bí 1.2 kPa kúrò. Fóònù mìíràn ní ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá nínú ara rẹ̀. Iye tirẹ̀ ni ti ibi tí ẹ wà, kò ní yíyọ.

Ó kan R. Ẹyọ kan ṣoṣo ni R. Òṣùwọ̀n tí a fi ń kà á ló pọ̀. Bí ìfúnpá bá wà ní kPa tí àyè gáàsì sì wà ní dm³, 8.314 ni. Bí ó bá jẹ́ Pa àti m³, 8.314 náà ni, torí ẹgbẹ̀rún kan gùn òkè ní ìhà kan, ẹgbẹ̀rún kan sì sọ̀ kalẹ̀ ní ìhà kejì. Bí ó bá jẹ́ atm àti dm³, 0.08206 ni. Bí ó bá jẹ́ mmHg àti dm³, 62.36 ni. Fún bar àti dm³, 0.08314. Àwọn tó ṣì ń fi calorie ṣiṣẹ́ ń lo 1.987. Ohun tí mo máa ní kí àwọn ọmọ ṣe ni pé kí wọ́n kọ òṣùwọ̀n ìfúnpá àti ti àyè sílẹ̀ ná, kí wọ́n tó nawọ́ mú R. Ìdàkejì rẹ̀ ló wọ́pọ̀: wọ́n á kọ 8.314 sílẹ̀ ní kíá, wọ́n á sì gbé cm³ wọ inú rẹ̀, ìdáhùn á wá fi ìlọ́po ẹgbẹ̀rún tóbi jù. R tí kò ní òṣùwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò yẹ kó gba máàkì.

Ẹ fojú sí 22.4 náà. Kì í ṣe iye àìyípadà rárá. Àyè tí mólù kan gáàsì ń gbà ní 0 °C àti 1 atm ni, 22.414 dm³ ní kíkún. Láti 1982 ni àjọ àwọn onímọ̀ kẹ́místrì lágbàáyé, IUPAC, ti ní kí a máa lo 100 kPa dípò 1 atm, ìyẹn sì sọ ọ́ di 22.711. Ìwé ìdánwò tiwa ṣì ń lo 22.4. Nínú láàbù tó wà ní 30 °C, bí 24.9 dm³ ni mólù kan máa gbà. Ọmọ tó bá fi 22.4 ṣe ìṣirò gáàsì tó gbà lọ́sàn-án ní Ìpẹ́rù ti fi ìdá kan nínú mẹ́wàá ṣìnà kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ní báyìí, ìbéèrè àwọn ọmọ. Ohun tó wà nínú ayé kò yí padà. Ohun tí a fi ń wọ̀n ọ́n ló yí. Gàrí Ìjẹ̀bú ló máa yé wọn jù lọ. Bí ẹnì kan bá ra kóńgò mẹ́wàá lọ́jà, tí kóńgò tó wà nílé sì ka mẹ́sàn-án àbọ̀, gàrí kò jò lójú ọ̀nà. Kóńgò méjèèjì ni kò dọ́gba. Títí di 2019, irú kóńgò bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ayé fi ń wọn kílógíráàmù: òpó kékeré kan tí wọ́n fi platinum àti iridium rọ, tí wọ́n tì mọ́lé ní Sèvres lẹ́bàá Paris láti 1889. Ohunkóhun tó bá wọ̀n bí i ni kílò kan. Nígbà tí wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ẹ̀dà rẹ̀ lẹ́yìn bí ọgọ́rùn-ún ọdún, ìwọ̀n wọn ti fi nǹkan bí 50 maikirogíráàmù yàtọ̀ síra, kò sì sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun mọ èyí tó yẹ̀ nínú wọn.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá 2018, àwọn orílẹ̀-èdè péjọ sí Versailles, wọ́n dìbò pé kí a yí i padà. Láti 20 oṣù karùn-ún 2019, a kò wọn àwọn iye wọ̀nyí mọ́, a ti kàn wọ́n mọ́lẹ̀ pátápátá:

h (ti Planck) = 6.62607015 × 10⁻³⁴ J s
e (iná ara ẹ̀léktróònù kan) = 1.602176634 × 10⁻¹⁹ C
k (ti Boltzmann) = 1.380649 × 10⁻²³ J/K
NA (ti Avogadro) = 6.02214076 × 10²³ fún mólù kan

Ìyára ìmọ́lẹ̀, 299,792,458 m/s, ti wà lábẹ́ irú òfin yìí láti 1983. Kò sí nọ́ńbà kankan tó ń bọ̀ lẹ́yìn àwọn wọ̀nyí. Òpin wọn nìyẹn. Kílò ló wá ń ti ara h jáde báyìí.

Nítorí náà, ìwé tó jáde ṣáájú 2019 lè kọ 6.022140857 × 10²³ fún Avogadro, kó sì fi nọ́ńbà inú àkámọ́ sẹ́yìn rẹ̀ láti fi hàn pé kò dá àwọn onímọ̀ lójú dé òpin. Ìwé náà kò purọ́. Wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n nígbà náà, ọ̀nà kan sì ni kí wọ́n ṣe bọ́ọ̀lù silicon tó wọ̀n bí kílò kan, kí wọ́n sì ka átọ́ọ̀mù inú rẹ̀ nípa wíwọn àlàfo tó wà láàárín wọn. Ìyípadà yìí tún kan ohun kan tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ ṣì ń kọ sójú pátákó, pé mólù ni iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú 12 g carbon-12. Ìtumọ̀ àtijọ́ nìyẹn. Mólù ti di 6.02214076 × 10²³ ẹyọ, ó parí, carbon-12 sì ti di ohun tí a ń wọ̀n. Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí 12 g kò tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù kan, kò sí òṣùwọ̀n kankan ní láàbù ilé ìwé tó lè rí i.

Gbogbo iye àìyípadà kọ́ ni a kàn mọ́lẹ̀ o. Ìwọ̀n ẹ̀léktróònù, 9.109 × 10⁻³¹ kg, wíwọ̀n ni. G tí Newton fi ń ṣírò bí ayé àti oṣù ṣe ń fa ara wọn, 6.6743 × 10⁻¹¹, wíwọ̀n ni, òun ló sì le jù láti wọ̀n: láti ìgbà Cavendish ní 1798 títí di òní, nọ́ńbà mẹ́rin àkọ́kọ́ rẹ̀ ló fẹsẹ̀ múlẹ̀ dáadáa, iyèméjì ti ń wọ ẹ̀karùn-ún. Àní μ₀, iye tí a fi ń ṣírò agbára òòfà, tí ìwé físíìsì àtijọ́ ní ó jẹ́ 4π × 10⁻⁷ géérégé, ti di ohun tí a ń wọ̀n láti 2019, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 4π × 10⁻⁷ ṣì tó fún iṣẹ́ yòówù tí ẹ máa ṣe.

Nọ́ńbà mélòó wá ni kí ẹ lò? Ìwọ̀n-ìgbóná (thermometer) yín ni kí ẹ bi, ẹ má bi fóònù. 8.31 fi 0.05% yàtọ̀ sí 8.314462618. Ìwọ̀n-ìgbóná tó bá fi 1 °C ṣì í ní 303 K ti dá àṣìṣe 0.33% sílẹ̀, ìlọ́po mẹ́fà rẹ̀. Ọmọ tó bá kọ 8.314462618 tì í lẹ́yìn tó ti ka gáàsì rẹ̀ sí 43 cm³ kàn ń fi inki ṣòfò ni. Nọ́ńbà mẹ́rin, 8.314, ti tó, ó tilẹ̀ ti ṣẹ́kù.

96,500 àti 96,485 kò bára wọn jà. Gígé kúrú ni 96,500, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ bí ìdá kan nínú 6,400. F kò dá dúró: e ìlọ́po NA ni, bí R náà ṣe jẹ́ k ìlọ́po NA. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ẹ̀rọ ìṣirò ṣe méjèèjì, kí wọ́n fojú ara wọn rí 96,485.33 àti 8.3145. Ó máa ń wọ̀ wọ́n lára ju kí a kàn ní kí wọ́n há a sórí.

Bí ẹ bá fẹ́ wá F ní láàbù, ẹ fi páálí bàbà méjì sínú omi copper sulphate tí ẹ da ásíìdì sulphuric díẹ̀ sí, kí bàbà tó wọ inú omi náà fẹ̀ tó 40 cm². Ẹ fi 0.50 A gbà á kọjá fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, 900 C nìyẹn. Ìwọ̀n cathode, páálí tó so mọ́ ẹnu òdì bátìrì, gbọ́dọ̀ fi 0.296 g lé sí i. Ẹ má fọkàn tán iná ìjọba fún iṣẹ́ yìí: bátìrì 12 V àti rheostat tó ń dín iná kù ni kí ẹ lò, kí ọmọ kan sì máa wo ammeter tó ń wọn iná ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan, nítorí iná tó bá ti sọ̀ sí 0.48 láìjẹ́ kí ẹ mọ̀ ti fi 4% ba ìdáhùn jẹ́. Cathode ni kí ẹ wọ̀n, kì í ṣe anode, páálí kejì, torí anode máa ń já wẹ́wẹ́ sínú omi, ìwọ̀n rẹ̀ á sì dín ju bó ṣe yẹ lọ. Bí iná bá pọ̀ jù fún fífẹ̀ bàbà náà, èyí tó lẹ̀ mọ́ cathode á dà bí iyẹ̀pẹ̀, á sì máa já bọ́ nígbà tí ẹ bá ń ṣàn án. 0.011 g péré tó bá já bọ́ á gbé F lọ sí 100,300. Lẹ́yìn tí ẹ bá fi omi mímọ́ ṣàn án, ẹ tú acetone lé e, kí ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́. Ẹni tó bá yán an lójú iná, bàbà rẹ̀ á dúdú, ìwọ̀n rẹ̀ á sì lé sí i, torí ó ti mu ọ́síjìn.

Lórí ẹ̀rọ ìṣirò, àṣìṣe kan wà tó ń pa àwọn ọmọ lọ́dọọdún. Wọ́n á tẹ 6.02, wọ́n á tẹ ×, wọ́n á tẹ 10, lẹ́yìn náà ni wọ́n á tẹ EXP 23. EXP fúnra rẹ̀ ti túmọ̀ sí «ìlọ́po 10 lọ́nà», nítorí náà ohun tí wọ́n tẹ̀ jẹ́ 6.02 × 10²⁴. 6.02 EXP 23 péré ló yẹ. Bákan náà, nọ́ńbà kékeré tó wà lókè máa ń bọ́ sílẹ̀ bí wọ́n bá da nọ́ńbà kọ láti fóònù sínú WhatsApp: 10²³ á di 1023, 10⁻³⁴ á di 10-34. Mo ti rí nóòtì tó kọ «6.022 × 1023», tí ọmọ tó ni ín sì ń fi ẹgbẹ̀rún kan ó lé mẹ́tàlélógún ṣe ìlọ́po lóòótọ́. Ẹ tún kìlọ̀ fún wọn nípa lẹ́tà: e tó jẹ́ 2.718 lórí ẹ̀rọ ìṣirò kì í ṣe e ti ẹ̀léktróònù, k ti Boltzmann kì í ṣe k tó ń sọ bí ìṣesí kẹ́míkà ṣe yára tó, G kì í sì í ṣe g.

Nínú ìdánwò, iye tí wọ́n bá tẹ̀ sórí bébà ìbéèrè ni kí ọmọ lò. Bí wọ́n bá ní F = 96,500, kó fi 96,500 ṣe é. Ẹni tó bá lo 96,485 láti fi hàn pé òun mọ̀wé lè rí ìdáhùn tí kò bá ti olùmáàkì mu ní nọ́ńbà tó kẹ́yìn.

g ló kù. Òun kì í ṣe iye àìyípadà rárá, ibi tí èèyàn bá dúró sí ló ń sọ iye tó jẹ́. 9.80665 tó wà nínú ìwé jẹ́ iye àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí ní 1901. Ayé wú díẹ̀ láàárín, ó sì ń yí, nítorí náà g kéré ní ẹ̀bá ìlà àárín ayé ju ìhà àríwá lọ. Ní London, ó jẹ́ bí 9.81. Ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ, bí 9.78 ni. Fún ìṣirò ìwé, 9.8 dára, 10 náà dára bí ìbéèrè bá ti sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ má retí pé kí àwọn ọmọ fi pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù rí ìyàtọ̀ 9.78 àti 9.81: pẹ́ńdúlọ́ọ̀mù tó gùn ní mítà kan, tó fì nígbà àádọ́ta, kò fi ju bí 0.15 ìṣẹ́jú-àáyá lọ yàtọ̀ láàárín iye méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ọmọ tó ń tẹ aago lè pẹ́ ju ìyẹn lọ.

Ibi tó ti ń ṣe ìpalára gidi ni òṣùwọ̀n oníná. Ohun tó ń wọ̀n gan-an ni bí ẹrù ṣe ń tẹ̀ ẹ́, lẹ́yìn náà ló máa fi g ibi tí wọ́n ti tò ó sọ ọ́ di gíráàmù. Bí wọ́n bá tò ó níbi tí g jẹ́ 9.81, tí ẹ sì gbé e lé tábìlì ní Ìpẹ́rù láìtún un tò, 100 g máa ka 99.69 g. Òṣùwọ̀n alápá méjì kò ní ìṣòro yìí, torí ìhà méjèèjì ni g ń fà bákan náà. Ẹ tẹ́ ojú òṣùwọ̀n oníná yín títí bọ́ọ̀lù afẹ́fẹ́ inú gíláàsì rẹ̀ yóò fi dúró láàárín, ẹ tàn án fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ pa fáànù, ẹ tẹ CAL, kí ẹ gbé òkúta ìwọ̀n tó bá béèrè lé e. Láàárín Ìpẹ́rù àti Ìjẹ̀bú-Òde, g kò yàtọ̀ débi tí òṣùwọ̀n tó ń ka 0.01 g á fi mọ̀, ṣùgbọ́n jíjàn tí ọkọ̀ ń jàn án lójú ọ̀nà lè dà á rú, nítorí náà ẹ tún un tò nígbàkigbà tí ẹ bá gbé e kúrò lórí tábìlì.